Henry Darcy, ọkùnrin tó wọn bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá

Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, apá kan nínú omi rẹ̀ á ṣàn lọ lójú ilẹ̀, apá kan á sì wọ inú ilẹ̀ lọ. Èyí tó ṣàn lọ, ojú wa rí i. Èyí tó wọlẹ̀, a kì í rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń bọ́ kànga, òun ló ń fún gbòǹgbò igi lómi mu, òun náà ló sì máa ń mú kí gẹ̀rẹ́ òkè ya lulẹ̀ lójijì, kí ó bo ilé àti ènìyàn mọ́lẹ̀. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní ordinateur, ṣe ìṣirò ọ̀nà tí omi òjò ń gbà wọ inú òkè, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí òkè náà lè ya. Orúkọ ọkùnrin kan wà nínú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ó ti kú láti ọdún 1858, kò sì gbọ́ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà rí. Henry Darcy ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Dijon, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1803. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Henry jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí bàbá náà kú, tó sì fi òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀ fún ìyá wọn. Opó ni obìnrin náà, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé àwọn ọmọ òun gbọ́dọ̀ kàwé. Ó sá sókè sá sílẹ̀ títí wọ́n fi rí ìrànwọ́ tí Henry fi lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1821, ọmọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí à ń pè ní École Polytechnique ní Paris. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣe afárá àti ọ̀nà fún ìjọba, ìyẹn École des Ponts et Chaussées. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tó ṣe títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un kò sí ní ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1827, ìjọba gbé e padà sí Dijon. Ní ọdún 1828, ó fẹ́ Henriette Carey, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bímọ.

Kí ni Darcy bá ní Dijon? Ó bá ìlú tí omi rẹ̀ kò dára. Odò Suzon tó gba inú ìlú kọjá ti di ojú àgbàrá tí ìdọ̀tí gbogbo ń wọ́ sí. Àwọn kànga kò jìn, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìyàgbẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi wọn á fà. Nígbà òjò, ẹ̀gbin á ṣàn wọ inú wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti gbé agbo ilé tí kànga àti ṣáláńgá ti súnmọ́ ara wọn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọdún 1832, àrùn onígbáméjì dé ilẹ̀ Faransé, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Paris. Nígbà náà, àwọn dókítà kò tíì mọ̀ pé inú omi ni àrùn náà ń gbà wọ ara ènìyàn. Darcy pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ni pé ìlú tí kò ní omi mímọ́ kò lè ní àlàáfíà, àti pé tálákà ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga kan tó jìn gan-an ní gbàgede Saint-Michel, láàárín ìlú. Omi jáde lóòótọ́, ó sì gòkè fúnra rẹ̀, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò ní kí Darcy má wọn omi náà wò. Ó wọn ìwọ̀n omi tó ń jáde, ó sì rí i pé kò lè tó ìlú mu. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ kànga náà, ó lọ wá omi sí òde ìlú. Níbẹ̀ ló ti rí ìsun kan tó ń jẹ́ Rosoir, ní àfonífojì odò Suzon. Omi rẹ̀ mọ́, ó pọ̀, ibi tó wà sì ga ju ìlú Dijon lọ. Nítorí náà, kò sí ìdí láti fi ẹ̀rọ fa omi náà. Bí a bá la ọ̀nà fún un, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú.

Ní ọdún 1834, Darcy kọ ìwé sí àwọn alákòóso ìlú láti fi ètò yìí hàn wọ́n. Ó di òpin ọdún 1837 kí ọba Louis-Philippe tó fi àṣẹ sí i. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1839. Wọ́n fi òkúta kọ́ ọ̀nà omi sábẹ́ ilẹ̀, kí oòrùn má baà pa omi náà, kí ìdọ̀tí má sì wọ inú rẹ̀. Gígùn ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 12. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1840, omi Rosoir wọ inú àgbá ńlá tí wọ́n kọ́ sí ẹnubodè Guillaume. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń pẹ́ tó yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Láti inú àgbá náà, páìpù pín omi káàkiri ìlú. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà lé ní 100, wọ́n sì wà ní bíi mítà 100 sí ara wọn, débi pé kò sí obìnrin tó ní láti ru omi rìn jìnnà mọ́. Ọ̀fẹ́ ni omi ẹ̀bá ọ̀nà náà. Wọ́n ń fi fọ ìgboro, wọ́n sì ń fi pa iná bí ilé bá ń jó. Lákòókò yẹn, ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù tó ní irú ètò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Iye tó tọ́ sí onímọ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n Darcy kò gbà á. Ó fi owó náà sílẹ̀ fún ìlú rẹ̀. Àwọn alákòóso fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà, àwọn òṣìṣẹ́ sì fún un ní adé tí a fi ewé ṣe. Wọ́n tún ní kí omi máa ṣàn wọ ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kọ owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹun. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ìlú tó ran ọmọ opó yìí lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀, òun náà ló ń san án padà fún.

Omi nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Paris sí Lyon, àwọn kan fẹ́ kó gba ibòmíràn, kí Dijon wà lẹ́yìn. Darcy fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti gba Dijon bí wọ́n bá lu ihò la òkè Blaisy já. Gígùn ihò náà jẹ́ bíi kìlómítà 4. Wọ́n lu ú, ọkọ̀ ojú irin sì gba Dijon kọjá títí di òní olónìí.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1848 dé. Àwọn ènìyàn dìde sí ọba ilẹ̀ Faransé, wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́. Àwọn ìjọba tuntun kò fẹ́ kí ẹni tí gbogbo ìlú fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú náà, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò lágbára ju tiwọn lọ. Wọ́n yọ Darcy kúrò ní Dijon, wọ́n rán an lọ sí Bourges. Ẹni tó fún odindi ìlú lómi di ẹni tí kò gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò jókòó kó máa ráhùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é lọ sí Paris láti wá ṣe olórí àwọn tó ń bójú tó omi àti ojú ọ̀nà ìlú náà.

Ní Paris, ó ráyè wo ohun kan tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà fi ń mọ bí omi yóò ṣe ṣàn nínú páìpù kì í sábà bá ohun tí ojú rí mu. Darcy kó oríṣiríṣi páìpù jọ, èyí tó jẹ́ irin, èyí tó jẹ́ òjé, èyí tó jẹ́ gíláàsì, tuntun àti ògbólógbòó, ó sì ń ṣí omi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ara inú páìpù ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ń dán, omi á yára; bí ó bá rí wúruwùru tàbí tí ìpẹtà ti gbà á, omi á falẹ̀. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ka èyí sí. Ọdún 1857 ni ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le mọ́. Àìsàn ń bá a jà, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kó lè lo ìwọ̀nba agbára tó kù fún ìwádìí. Wọ́n gbà fún un, ó padà sí Dijon. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ rọrùn láti sọ. Àwọn ìlú ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn sẹ́ omi odò kí ó lè mọ́. Wọ́n á kó iyanrìn sínú kòtò ńlá, wọ́n á da omi sórí rẹ̀, omi á jò gba inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìdọ̀tí á sì kù sókè. Ṣùgbọ́n báwo ni kòtò náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Báwo ni iyanrìn ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó? Onílé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Darcy fẹ́ ìdáhùn tó ṣeé kọ sílẹ̀.

Ní àgbàlá ilé ìwòsàn ìlú Dijon, ó gbé páìpù irin kan dúró gangan, ó ga ju ènìyàn lọ, fífẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Ó kó iyanrìn odò Saône sínú rẹ̀. Omi ń wọlé láti òkè, ó sì ń jáde nísàlẹ̀ sínú ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Lókè àti nísàlẹ̀, ó fi ohun èlò tí a rọ mẹ́kúrì sí, irin tó máa ń ṣàn bí omi, láti fi mọ bí omi ṣe ń tì tó. Onímọ̀ kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, Charles Ritter, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní òpin oṣù kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 1855, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìṣòro kò ṣàìyọjú. Afẹ́fẹ́ wà láàárín iyanrìn, ó sì ń dí omi lọ́nà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ lé e jáde kí wọ́n tó ka ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí, mẹ́kúrì náà kò dúró jẹ́ẹ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wá ibi tí àléébù náà ti ń wá, wọ́n sì rí i: omi ìdánwò náà àti omi tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, ara páìpù kan náà ni wọ́n ti ń wá. Bí ẹnì kan bá ṣí omi láti fọ aṣọ tàbí láti se oúnjẹ, ìdánwò á mì. Darcy kò fi èyí pamọ́. Ó mú àárín gbùngbùn ohun tí ó kà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ níbi tí mímì náà ti pọ̀.

Wọ́n yí bí iyanrìn ṣe nípọn tó padà. Nígbà kan ó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 58, nígbà mìíràn ó ju 170 lọ. Wọ́n yí bí omi ṣe ń tì tó padà pẹ̀lú. Síbẹ̀, ohun kan kù tí wọn kò tíì yẹ̀ wò: nínú gbogbo ìdánwò àkọ́kọ́ yìí, ìsàlẹ̀ páìpù ṣí sí afẹ́fẹ́. Tí ó bá wá jẹ́ pé omi ń tì láti ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 1856, Ritter tún ìdánwò ṣe, ó sì ń yí agbára omi padà lókè àti nísàlẹ̀. Ìdáhùn kan náà ló jáde.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí omi ṣe ń tì lókè àti bí ó ṣe ń tì nísàlẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń gba inú iyanrìn kọjá á di ìlọ́po méjì. Bí iyanrìn bá nípọn ní ìlọ́po méjì, omi tó ń kọjá á dín kù sí ìdajì. Ìyókù wà lọ́wọ́ irú iyanrìn náà: oríṣi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó ń sọ bí ó ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá tó. Òfin Darcy nìyẹn. Ẹni tó bá ti da omi sí iyanrìn etí òkun, tó tún da omi sórí amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, ti rí i bí nọ́ńbà méjì ṣe lè jìnnà síra wọn. Iyanrìn lè jẹ́ kí omi kọjá ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan ju amọ̀ lọ.

Ó kọ òfin yìí sí ẹ̀yìn ìwé ńlá tó kọ lórí omi ìlú Dijon, èyí tó jáde ní ọdún 1856. Àfikún kan láàárín ọ̀pọ̀ àfikún ni. Ẹni tó ń ka ìwé náà nítorí páìpù àti àgbá lè ṣí i kọjá láìmọ̀.

Ní ọdún 1857, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé gbà á sí àárín wọn. Kò pẹ́ lórí ipò náà. Ó rìnrìn àjò lọ sí Paris, òtútù àyà mú un níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1858. Ọmọ ọdún 54 ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Dijon, gbogbo ìlú sì ṣọ̀fọ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede tí àgbá omi rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí omi inú ojú ọ̀nà gbalasa, Henri Bazin tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ló parí rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1865.

Báwo ni òfin tí a rí nínú páìpù iyanrìn ṣe wá di ohun tí a fi ń ṣọ́ òkè? Ẹni méjì ló yẹ kí a dárúkọ. Èkíní ni Karl Terzaghi, tí wọ́n bí ní ìlú Prague ní ọdún 1883. Òun ló ṣàlàyé pé bí omi bá kún àárín hóró ilẹ̀, ó máa ń ti àwọn hóró náà kúrò lára ara wọn, tí wọn kò fi ní lè di ara wọn mú dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni omi ń mú kí ilẹ̀ máa yọ̀, bí ìgbà tí a bá da epo sílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára tí omi fi ń tì ni ìṣòro. Ẹ wo iyanrìn tí ọmọdé fi ń ṣeré: bí ó bá gbẹ, á tú ká, bí ó bá rin díẹ̀, ọmọ á lè fi mọ ilé, bí ó bá kún fún omi, ilé náà á wó, á sì ṣàn lọ. Òkè náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kejì ni Lorenzo Richards, ọmọ Amẹ́ríkà. Iyanrìn Darcy kún fún omi pátápátá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ orí òkè kì í rí bẹ́ẹ̀ kí òjò tó dé. Afẹ́fẹ́ àti omi ló jọ ń gbé inú rẹ̀. Ní ọdún 1931, Richards fi hàn bí a ṣe lè lo òfin Darcy nínú irú ilẹ̀ yìí, bí a bá gbà pé nọ́ńbà ilẹ̀ náà ń yí padà bí ilẹ̀ ṣe ń rin sí i. Ilẹ̀ tó gbẹ kì í jẹ́ kí omi kọjá bọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe ń rin sí i ni ọ̀nà ń là.

Níbí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti mọ bí omi ṣe ń lọ, a gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe rin tó. Láti mọ bí ilẹ̀ ṣe rin tó, a gbọ́dọ̀ mọ bí omi ṣe ń lọ. Ènìyàn kò lè fi ọwọ́ ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ tán fún odindi òkè kan. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Á pín òkè náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí kéékèèké, á pín òjò sí ìṣẹ́jú kéékèèké, á méfò, á ṣírò, á wò ó bóyá ó bára mu, bí kò bá bára mu á tún méfò. Nígbà tó bá parí, á fi agbára tó ń di òkè mú wé agbára tó ń fà á wálẹ̀. Bí a bá pín èkíní sí èkejì tí ìdáhùn sì kéré sí 1, òkè náà á ya.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò líle, gẹ̀rẹ́ òkè kan ya ní ìlú Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone. Àwọn tó kú àti àwọn tó sọnù lé ní 1,000. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òkè kò ní ya, tí ó sì ya, àwọn tó sùn sísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò san gbèsè àṣìṣe náà. Bí ó bá sì ń pariwo lásán lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí yóò sá mọ́.

Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń lo ọ̀pọ̀ àkókò láti wá ibi tí ìṣirò wọn ti ṣìnà. Nígbà mìíràn, àṣìṣe náà rọrùn títí ó fi ń pani lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń wọn òjò ń kọ ọ́ ní mìlímítà fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìṣirò ilẹ̀ ń fẹ́ mítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan. Mìlímítà 1,000 ló sì wà nínú mítà kan. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i padà ti rọ òjò ìlọ́po 3,600,000 sórí òkè rẹ̀. Òkè wo ni kò ní wó?

Òmíràn fara sin. Ilẹ̀ ní ìwọ̀n omi tó lè mu láàárín wákàtí kan. Bí òjò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù á ṣàn lọ lójú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbàgbé láti fún omi náà láyè àtiṣàn, kọ̀ǹpútà á máa fi tipátipá ti gbogbo òjò wọ inú ilẹ̀, nọ́ńbà tí kò lórí tí kò nídìí á sì máa jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá dí ìsàlẹ̀ òkè pa: omi kò rí ibi gbà jáde, òkè á kún bí ìkòkò, á sì wó nínú ìṣirò nígbà tó dúró digbí lóde.

Ibi tó máa ń dá kọ̀ǹpútà dúró jù ni ìgbà tí òjò ńlá bá já lu ilẹ̀ gbígbẹ. Omi kì í wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Ìpele tútù ni ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Ààlà àárín tútù àti gbígbẹ lè máà nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí àpótí inú ìṣirò bá wá tóbi tó mítà kan, kọ̀ǹpútà kò lè rí ààlà náà. Á máa méfò, á máa ṣìnà, títí yóò fi dákẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n mú àwọn àpótí ojú ilẹ̀ tínrín gan-an, kí wọ́n sì gé àkókò sí wẹ́wẹ́ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni ìṣirò tí kò dákẹ́, tó parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó parọ́. Láti mú un, wọ́n máa ń béèrè ìṣirò omi, bí ẹgbẹ́ ṣe ń béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ akápò. Iye òjò tó wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tó wà nínú ilẹ̀ àti iye tó jáde. Bí kò bá dọ́gba, omi kan ti sọnù tàbí omi kan ti ti ojú ọ̀run wá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ìdáhùn náà gbọ́. Wọ́n tún máa ń wo bí ilẹ̀ ṣe rin tó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òjò kan náà tó rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn kò dà bí èyí tó rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òjò. Wọ́n sì ń rántí pé ekòló, gbòǹgbò tó ti jẹrà àti ilẹ̀ tó lanu máa ń la ọ̀nà fún omi, tí bíbà amọ̀ kékeré tí wọ́n gbé lọ wọ̀n kò fi hàn.

Kí wọ́n tó gbé odindi òkè lé kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ fún un ní páìpù kan tó dúró gangan, tó kún fún iyanrìn, tí omi ń wọlé lókè tó sì ń jáde nísàlẹ̀. Wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ṣáájú. Bí kọ̀ǹpútà bá gbà á, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Bí kò bá gbà á, wọ́n á padà wá àléébù náà.